Àpótí Tó Gba Orúnkún

Èjìká mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ọmọ-ọmọ mi ti ń dàgbà, kí ojú mi tó mọ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà tí à ń gbé ní Dówà nílùú Àjàṣẹ́, ọpọ́n sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ga dé ìbàdí mi. Ẹni tó mọ ọ́n kò rántí ọmọdé. Èédú ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ohun tí mo bá sì fọwọ́ kàn ni ọmọ-ọmọ mi máa ń fọwọ́ kàn. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ni mo máa ń gbé e sókè kó lè fọ ọwọ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan, bí ẹni gbé òwú ni. Nígbà tó fi di ọdún méjì ààbọ̀, bí mo bá ti gbé e, nǹkan á dún kẹ́rẹ́ nínú èjìká mi, màá dì í mú ṣinṣin, màá sì pe orúkọ Ọlọ́run sínú.

Òun náà ò sì fẹ́ kí n gbé òun mọ́. "Èmi! Èmi!" ló máa ń ké, á máa ta ẹsẹ̀ mọ́ mi nínú. Òun ló fẹ́ ṣí ẹ̀rọ. Òun ló fẹ́ mú ọṣẹ. Ọmọ ní òun fẹ́ dá a ṣe, àgbà ò lágbára láti bá a ṣe é mọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọ̀. Gíga ọpọ́n yẹn ló dúró sáàárín wa.

Kì í ṣe pé mo wá síbí láti wá gbé. Ogójì ọjọ́ ni mo bá wá. Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi ló bímọ fún Romuald ọkọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, mo sì di báàgì kan, mo kó ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn sínú rẹ̀, pé màá bá a wẹ ọmọ títí ogójì ọjọ́ á fi pé, màá sì padà sí Ìsẹ́yìn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá mi lé Ràbí àbúrò mi lọ́wọ́. Mi ò tiẹ̀ ká ẹní mi nílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí ni pé èdè mi wà nílẹ̀, kò sì gbọ́ mi. Àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá ibí, ń sọ ọ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti yàrá kejì. Àmọ́ bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin, Nàìjíríà lẹ ti wá." Bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n á fi Faransé parí ẹ̀. Bó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, wọ́n á bọ́ sí èdè Gùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín kí n má bàa dá yàtọ̀. Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹta péré lọ́dọ̀ Tíṣà Adélékè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, ọmọ aládùúgbò kan, Sírílì, tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, wá bá mi, ó na ọwọ́ sí mi. "Bọ́njù, Màmá." Mo gba ọwọ́ náà, mo dì í mú, mò ń dúró kó dọ̀bálẹ̀. Òun náà ń dúró kí n tú òun sílẹ̀. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń kí nìyẹn."

"Ìwọ náà ti ń nawọ́ sí àgbà?"

"Èmi kẹ̀? Mo ṣì ń kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ìyá Romuald, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wọn wá bá mi wo abẹ́ àga, ó ní kí ni mò ń wá tó já bọ́."

Àwọn àgbà ibí mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa o. Àwọn ọmọ iléèwé ni kò kà á sí mọ́.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Fúnmiláyọ̀ bẹ̀ mí pé kí n dúró títí ọmọ á fi rìn, mo sì dúró. Àṣàkẹ́ pé ọdún kan àti oṣù méjì nígbà tí Fúnmiláyọ̀ kú. Ibà ni wọ́n pè é. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Àwọn tó ti ilé wá ni Ràbí, Múfú ọkọ rẹ̀, Sáká tó bá Fúnmiláyọ̀ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, àti Ìyá Kẹ́hìndé tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa. Mo rántí ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, mo rántí ẹni tó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká jọ padà. Mo wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mi. Ta ni kí n sọ ọ́ kalẹ̀ fún? Wọ́n lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta èédú, nítorí èédú kì í bàjẹ́, kò sì ní kéèyàn gbọ́ Faransé. Bí oníbàárà bá ti na ìka sókè, mo ti mọ iye agolo tó fẹ́.

Romuald ò pa mí tì; Yorùbá tí Fúnmiláyọ̀ kọ́ ọ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kútọnù ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ń sùn, àmọ́ ọjọ́ Àìkú kan kì í kọjá kó má wá. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ó rí i tí mo gbé Àṣàkẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ó sì rí bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Òun alára ò jókòó. "Mo ti bá ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ọjà sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbà á bí iléèwé bá wọlé. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè dá ọwọ́ rẹ̀ fọ̀, kó sì lè dá gun ìjókòó ilé ìgbẹ́. Wọn ò ní ẹni tó máa máa gbé ọmọ."

"Bí kò bá wá lè ṣe é ńkọ́?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Odẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Parakú ti ní òun á gbà á. Ẹ̀yin náà á lè padà sílé, ẹ á sinmi. Ẹ ti ṣe gudugudu méje, Màmá. Apá yín ò gbé e mọ́, mo ti rí i."

Odẹ́ẹ̀tì kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gbé àga wá fún mi lọ́jọ́ òkú. Àmọ́ ìrìn ọjọ́ kan ni Parakú, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé ibẹ̀, láàárín ọdún kan, bí mo bá pè é lórí fóònù, yóò di pé ó ń gbọ́ ohùn ìyá àgbàlagbà kan tó ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́.

Mo ní, "Fún mi ní àyè díẹ̀."

Ó ní, "Màá wò ó lọ́jọ́ Àìkú kẹta sí òní."

Bí ọ̀rọ̀ àpótí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ sí ọjà Wàndó, mo rí àpótí oníke kan, ó pupa, ó fúyẹ́. Ọkùnrin tó ń tà á gun orí rẹ̀ lójú mi, ó ń jó níbẹ̀. "Kò lè fọ́ láéláé, Màmá!" Òtítọ́ ni, kò fọ́. Àmọ́ bí omi ṣe dà sí sìmẹ́ńtì báyìí, ńṣe ló yọ̀ bí ọṣẹ, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà nítòsí. Mo wá dojú ike ọ̀dà ńlá kan délẹ̀. Ìyẹn wúwo, àmọ́ ó ga, Àṣàkẹ́ ń fi àyà fà gùn ún bí alángbá.

Màmá Filomẹ́nà, onílé wa, jókòó síwájú yàrá rẹ̀, ó ń wò wá. Ọmọ Àgùdà ni, ìran àwọn tó ti òkè òkun padà, ó gbọ́ Yorùbá, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ rí. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé ọwọ́ lo fẹ́ kí ọmọ yẹn fọ̀, àbí páànù òrùlé mi?"

"Bá mi wá nǹkan tó dáa, kó o yé fi mí ṣẹ̀sín."

"Lọ bá Dòsú. Òun ló ṣe bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún mélòó la ti ń jókòó lé e, ìdí wa sì ń tóbi sí i."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Dòsú, ní oríta. Gùn ni, àmọ́ Nàgó ni ìyá tó bí i, nítorí náà a gbọ́ ara wa. Kò kọ́kọ́ wo ojú mi, ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ ló wò. Ó mú okùn, ó wọn ọmọ náà láti ilẹ̀ dé orúnkún, ó ta kókó síbẹ̀.

"Màmá, ohun tí ọmọ máa gùn ò gbọdọ̀ ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, kì í gùn ún mọ́, ó ń fò ó ni. Ọpọ́n yín ga, nítorí náà màá ṣe é ní ìpele méjì: àtẹ̀gùn kan, orí kan."

"Báwo ni orí rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó?"

Ó fi ọwọ́ wọn àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì. "Bí èyí. Ẹsẹ̀ méjì ló máa fi dúró, àbí? Bó bá fẹ̀ jù, á máa dí yín lọ́nà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún, mo dúró níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àpótí náà dára, ẹ ò ní gbàgbọ́. Ọjọ́ kìíní, mo di aṣọ Àṣàkẹ́ mú lẹ́yìn. Ọjọ́ kejì, mo dúró tì í, mi ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹta, mo gbé àpótí lọ sí ilé ìgbẹ́, ó fi dá gun ìjókòó ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mò ń wọn èédú fún oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ omi nínú ọgbà. Mi ò dìde. Omi dá. Ó jáde wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi pé kí n wò ó, ó mọ́ fínní, ojú rẹ̀ sì dúdú pẹ̀lú èédú. Mo fi agolo pamọ́ sẹ́yìn kó má bàa fọwọ́ kàn án, mo pàtẹ́wọ́ fún un. Oníbàárà náà pàtẹ́wọ́. Kò mọ ohun tó fà á.

Ọjọ́ Àìkú kẹta pé. Àṣàkẹ́ ti wà lórí àpótí, ó ti fi ọṣẹ sọ́wọ́, nígbà tí mo gbọ́ tí alùpùpù Romuald dúró. Inú mi dùn pé ó bá a lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Mo gbé ohùn sókè: "Àṣàkẹ́, bàbá rẹ ti dé! Kí bàbá rẹ!"

Bí ó ṣe ṣubú nìyẹn. Mi ò rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo kàn rí i tó yí ojú padà, tó sì lọ sílẹ̀, tí àpótí sì dojú kọ ibòmíràn. Ètè rẹ̀ ba etí ọpọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ẹ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹnu ọmọdé ṣe máa ń rí pẹ̀lú itọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e, ó fi ṣáàtì funfun rẹ̀ nù ún lẹ́nu. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo.

"Màmá," ló wí, "ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá wá mú un. Ẹ má bínú sí mi."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mò ń yí àpótí yẹn sókè sódò, mò ń wá ibi tó ti mì. Kò mì. Mo gbé e lé ilẹ̀ gbígbẹ, mo gbé e lé ilẹ̀ tútù. Kò yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá sú mi pátápátá, mo pe Ràbí ní Ìsẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ nílé," ni Ràbí wí nígbà tí mo rò fún un tán. "Yàrá yín wà bó ṣe wà. Ẹní yín ṣì wà nílẹ̀, èmi ni mò ń gbá abẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ṣe tiyín. Fúnmiláyọ̀ pàápàá á ní ẹ ti ṣe tiyín."

Ó ní kí n fún òun ní ọmọ náà kóun gbóhùn rẹ̀. Àṣàkẹ́ dúró lórí bẹ́ńṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo máa ń to agolo sí. Mo na fóònù sí etí rẹ̀. Ohùn Ràbí jáde: "Àṣàkẹ́ mi, ọmọ dáadáa!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Lórí bẹ́ńṣì. Fún fóònù. Orúnkún rẹ̀ kan bá pákó, ìkejì ò bá nǹkan kan, mo fi èjìká tó ń dùn mí gbá a mú kó tó délẹ̀, agolo mẹ́ta dà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èédú, mo gbé e lé itan. Ràbí ń ké lórí fóònù, "Kí ló já? Kí ló já?"

Èmi ni mo kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti lè dúró ni mo ti kọ́ ọ: bí àgbà bá dé, bí àgbà bá pè ọ́, orúnkún á dé ilẹ̀. Mi ò sọ fún un rí pé ibì kan wà téèyàn ò ti gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ Dòsú, mo gba àpótí ọmọ tó ń dúró, mo gbé e wálé fún ọmọ tó ń kúnlẹ̀.

Màmá Filomẹ́nà ní ọ̀nà àbáyọ rọrùn. "Ní kó má kúnlẹ̀ mọ́. Bọ́njù ò fẹ́ orúnkún. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù, o lè gbà á lára rẹ̀."

Mo rò ó, mi ò purọ́. Mo wẹ̀, mo kírun, mò ń rò ó. Kí ni mo ní tí mo lè fún ọmọ yìí? Faransé, bàbá rẹ̀ ló ni ín. Gùn, ojú pópó á fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀, mi ò lè bá a mú un wá. Ìkúnlẹ̀ yìí ti ara Àwẹ̀ró ìyá mi dé ara mi, ó ti ara mi dé ara Fúnmiláyọ̀, tó ń kúnlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n rò pé ó ń wá nǹkan tó já bọ́. Bí mo bá gbà á lára ọmọ náà nítorí pákó tí kò fẹ̀, a jẹ́ pé pákó ló tọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Filomẹ́nà, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Àwa tí wọ́n kó àwọn baba wa ré kọjá òkun, tí wọ́n tún padà, ohun tó kù lọ́wọ́ wa ò ju orúkọ àti oúnjẹ lọ. Ohun kékeré ló máa ń kù. Lọ bá Dòsú."

Dòsú ká ọwọ́ lé orí. "Ẹ ò sọ fún mi pé ọmọ yín ń kúnlẹ̀ lókè!"

"Ìwọ náà ò bi mí."

"Èmi tí mò ń ṣe bẹ́ńṣì ìkúnlẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹni tó dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gba àyè. Ẹni tó kúnlẹ̀, láti orúnkún dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni." Ó gbé pákó fífẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé Àṣàkẹ́ lé e. "Ẹ ní kó kí mi."

"Àṣàkẹ́, kí Bàbá Dòsú."

Ó kúnlẹ̀, kíá, ó sì gbé ojú sókè wo ọkùnrin náà bíi pé òun ló ni ìsọ̀. Dòsú bi mí bóyá èédú wà lára mi. Níbo ni èédú kì í sí lára mi? Mo tú etí ìró mi, mo fún un ní ẹ̀rún kan. Ó fi fa ìlà yí ọmọ náà ká, orúnkún, ojúgun, títí dé ìka ẹsẹ̀. Ó ní kó dìde, ó fi ìṣó tẹ ojú ìlà náà kó má bàa pa rẹ́, ó wá fi ìka mẹ́ta kún un kó tó gé pákó náà. "Nítorí ọmọ ń dàgbà," ló wí. Ó ṣe àtẹ̀gùn náà ní gíga orúnkún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ àpótí yà síta bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ó sì kan rọ́bà táyà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú pákó tó ní ìlà ló yí sí ìsàlẹ̀, kí òkè lè dán.

Romuald dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú báàgì kékeré aláwọ̀ búlúù lọ́wọ́. Àṣàkẹ́ wà lórí àpótí, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Màmá, ẹ má pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é."

Mi ò pè é. Ọmọ náà ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yí padà. Mo rí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó ń lọ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó di Parakú. Orúnkún bá pákó. Ẹsẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ku àyè. Àpótí ò mì.

"Papá, ẹ káàbọ̀."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ṣan ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó ti ẹ̀rọ pa.

Romuald dúró síbẹ̀. "Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń..." Kò parí ẹ̀. Ó jókòó lórí àpò èédú mi pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, kò sì bìkítà. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ó fi báàgì náà kọ́ orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Bí iléèwé bá wọlé, ẹ̀yin lẹ máa máa mú un lọ, Màmá. Èmi á ti wà ní Kútọnù."

Mo ní mo gbọ́.

Mo rò pé inú mi á dùn ju bó ṣe dùn lọ. Ó rẹ̀ mí ni. Kò sí ẹni tó ń ké "Èmi! Èmi!" mọ́, kò sí ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ mọ́ mi nínú. Èjìká mi ti sinmi, apá mi sì ṣófo. Ìyẹn náà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ràbí pè lánàá. Ó ní òjò ti wọlé sí igun kan yàrá mi, ó ní ìgbà wo gan-an ni mò ń bọ̀. Mò ń dojú àpótí dé kó lè gbẹ nígbà náà. Ìlà náà wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ kékeré tó kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ wọn ún láti ìlà dé etí pákó, àyè tí Dòsú fi sílẹ̀ kí ọmọ lè dàgbà sí i.

Mo ní, "Ó ku ìka mẹ́ta."

"Ìka mẹ́ta ti kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

Àṣàkẹ́ ti dé ẹ̀yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dúró kí n gbé àpótí náà sílẹ̀ fún òun. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.